Òṣómàáló Láìsí Ẹnu Ọ̀nà: Bàbá Sàlá, Àwàdà Owó àti Gbèsè Ọ̀run Móoru

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ papòdà ní Iléṣà, lẹ́ni ọdún 82. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀. Bàbá Sàlá ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Ohun méjì ni àwọn tí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni pé òun ni bàbá àwàdà òde òní ní Nàìjíríà. Èkejì ni pé àwọn olè ṣe ẹ̀dà sinimá rẹ̀, Ọ̀run Móoru, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan ni wọ́n máa ń tò wọ́n: ti àkọ́kọ́ jẹ́ oríyìn, ti èkejì jẹ́ ìkáàánú. Ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n. Owó ni Bàbá Sàlá fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀: owó tí ènìyàn kò fẹ́ ná, owó tí ó fẹ́ gbà láìṣiṣẹ́, owó ẹlòmíràn tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò fẹ́ san. Ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà rí owó nídìí àwàdà, àti bí ọ̀nà náà ṣe dí mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn 1982, ni ó yẹ kí ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé.

Ilẹ̀ àwọn tí ń tajà láwìn

Ọjọ́ 18 oṣù Èbìbí ọdún 1936 ni wọ́n bí Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ní àkókò yẹn, òwò ti yí ojú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà padà. Kòkó ń jáde láti inú oko, wọ́n ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà, ojú irin sì ti dé Òṣogbo láti 1907, tí ó fi jẹ́ pé ẹrù tí ó bá gúnlẹ̀ sí Èkó kì í pẹ́ kí ó tó dé ọjà Ìjẹ̀ṣà. Láti Iléṣà, ọ̀nà kan kọrí sí Òṣogbo, òmíràn gba ìhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Àkúrẹ́. Orí irú àwọn ọ̀nà báyìí ni àwọn òṣómàáló ti ń ná ọjà wọn.

Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní má mọ òwò yìí ju orúkọ rẹ̀ lọ. Aṣọ ni wọ́n ń tà, àwìn ni wọ́n sì ń tà á. Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà yóò di aṣọ rẹ̀ lẹ́rù, yóò kiri dé abúlé tí ó jìnnà sí ọjà, yóò tà á fún àgbẹ̀ tí kò tíì gba owó irè oko rẹ̀, wọn yóò sì jọ dá ọjọ́ ìsanwó. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la, oníṣòwò yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Yóò ní òṣòó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìwé J.D.Y. Peel, Ijeshas and Nigerians, tí ó jáde ní 1983, jẹ́ kí ó hàn kedere pé òwò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìtàn Ìjẹ̀ṣà. Ó wà lára ohun tí ó so ilẹ̀ náà mọ́ gbogbo Nàìjíríà. Òun kan náà ni àwọn Yorùbá yòókù fi ń bá Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀fẹ̀: wọ́n ní owó dùn mọ́ wọn, wọ́n ní gbèsè wọn kì í ṣeé jẹ gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí gba ìṣọ́ra. Ahun orí ìtàgé kò ní láti jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ti ń ṣahun kí ẹnikẹ́ni tó ta aṣọ láwìn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní àwùjọ tí àwọn ènìyàn ti ń ṣírò owó ní gbangba, tí ẹnu ọ̀nà onígbèsè sì ti di ibi ìran wíwò fún gbogbo àdúgbò, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ẹ̀rín wà nínú owó. Òṣòó tí òṣómàáló ń ló, eré ni pẹ̀lú, ó sì nílò òǹwòran. Bí kò bá sí aládùúgbò tí ń wò, ìtìjú kò ní mú onígbèsè, owó kò sì ní jáde.

Wolé-wolé, olórin, aláwàdà

Kí ó tó di eléré, Adéjùmọ̀ ṣe iṣẹ́ wolé-wolé. Àwọn tí wọ́n dàgbà ṣáájú òmìnira yóò rántí bí ìbẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti pọ̀ tó. Wolé-wolé ni ó ń wọ inú ilé oníle láìkan ìlẹ̀kùn pẹ́, tí ó ń ṣí àmù wò bóyá tánwíjí wà nínú omi, tí ó ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, tí ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Bí ó bá ti yọ lókèèrè, ariwo yóò sọ, omi yóò máa dànù, ìgbálẹ̀ yóò máa ró, ẹni tí kò gbálẹ̀ láti ìjẹta yóò di onímọ̀tótó láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ṣòro láti rí iṣẹ́ tí ó dára jù èyí lọ fún ẹni tí yóò padà wá máa fi ìwà inú ilé ṣe àwàdà.

Orin ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 1964, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan tí ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946 ti ta gìtá kí ó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní 1967. Òun ni ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé. Àwọn òpìtàn orin máa ń mẹ́nu ba èyí bí ẹni pé ti Sunny Adé nìkan ni. Ní ti Adéjùmọ̀, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé olórí ẹgbẹ́ olórin gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti ń kó ènìyàn jọ, bí wọ́n ti ń yá gbọ̀ngàn, bí wọ́n ti ń bọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí òde kò sí, àti bí wọ́n ti ń pín owó lẹ́yìn òde. Nígbà tí ó kọjú sí eré, tí ó sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà, kì í ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nídìí òwò náà mọ́.

Àwọn àgbà ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Hubert Ògúńdé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti 1945. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí sì ti sọ Òṣogbo di ibùdó pàtàkì fún eré Yorùbá. Ní 1963 ni Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde. Orin, ìtàn ọba, ìtàn inú Bíbélì àti ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n gbé eré wọn lé. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, Ògúnmọ́lá gan-an sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìtàn ni ẹ̀fẹ̀ ń tọ̀. Nínú eré Aláwàdà, ìtàn ni ó ń tọ ẹ̀yìn ẹ̀fẹ̀. Ìpinnu ńlá ni èyí fún olórí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá wá wo ìtàn ọba lè fara da ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó láti rẹ́rìn-ín yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ.

Aago tábìlì lọ́rùn ọwọ́

Ìmúra Bàbá Sàlá nìkan tó ẹ̀rín. Ó ń de táì alábalábá tí ó tóbi ju ọrùn lọ, ó ń lo awò ojú ràgàjì, ó sì ń so aago tí ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì mọ́ ọrùn ọwọ́ bí ẹni so aago ọwọ́. Àwọn kan ka gbogbo èyí sí aṣọ yẹ̀yẹ́ lásán, èyí tí kò tọ̀nà. Táì, awò àti aago kì í ṣe ohun tí ó ṣèèṣì kóra jọ. Àmì alákọ̀wé ni wọ́n, ohun tí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ìjọba ń fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rà kí ará ilé lè mọ̀ pé òun ti dé ibi tí àwọn ènìyàn ń dé. Bàbá Sàlá sọ wọ́n di ńlá títí wọn kò fi wúlò mọ́, tí ó kù kìkì ìfẹ́ àtirí bí olówó.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nínú eré Yorùbá. Ní oṣù Èrèlè ọdún 1826, Hugh Clapperton wo eré àwọn eégún aláré ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì rí ọ̀kan tí ó fi ara ṣe òyìnbó: ó funfun báláú, ó ń fín áṣáà, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀. Òyìnbó tí wọ́n ń sín jẹ jókòó níbẹ̀, ó ń wò. Ìwádìí Joel Adédèjì lórí eré Aláàrìnjó ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú àfiṣe àjèjì báyìí jẹ́ ara ohun tí àwọn eléré náà fi ń dá àwùjọ lára yá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni pé àjèjì ni eégún Ọ̀yọ́ Ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Yorùbá tí ó wọ aṣọ àjèjì ni Bàbá Sàlá ń fi ṣe é. Ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ náà kì í sì í ṣe alákọ̀wé rárá. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ahun, olójúkòkòrò, tí ó fẹ́ kí gbogbo ohun tí owó lè rà wá sọ́dọ̀ òun láìjẹ́ pé òun tú àpò.

Àkókò tí ó gbé ẹ̀dá yìí jáde bá a mu. Nígbà tí Náírà dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, owó epo rọ̀bì ti ń wọlé. Láàrin ọdún méjì, ìjọba san àfikún owó oṣù tí Yorùbá ń pè ní owó Údójì, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ fún owó òjijì. Àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń wo àwọn tí ó wà níbẹ̀, ọjà wọ́n, kálukú ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ahun tí ń lépa owó pẹ̀lú aago tábìlì lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí òǹwòran ń wò láti òkèèrè.

Owó kí ẹ̀rín tó dé

Amóhùnmáwòrán ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì di NTA Ìbàdàn lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní 1977. Níbẹ̀ ni eré Aláwàdà ti ń wọlé tọ àwọn ènìyàn. Fún àwọn ẹgbẹ́ eré, ìpolówó ni amóhùnmáwòrán ju orísun owó lọ. Ẹni tí ó rí Bàbá Sàlá lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́ kan ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá wọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí.

Ibi tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé Bíọ́dún Jéyìfò lórí eré alárìnkiri Yorùbá, tí ó jáde ní 1984, àti èyí tí Karin Barber kọ ní 2000 lórí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo, jẹ́ kí òǹkàwé rí bí ìgbésí ayé ẹgbẹ́ ṣe rọ̀ mọ́ owó ẹnu ọ̀nà. Owó ọkọ̀, owó gbọ̀ngàn, owó ìwé ìpolówó, oúnjẹ àwọn òṣèré àti ti àwọn ọmọ wọn, inú owó alẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ, aya olórí ẹgbẹ́ tàbí ìbátan rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ni ó máa ń dúró sí géètì. Kò sí ẹni tí ó lè rẹ́rìn-ín kí ó tó sanwó.

Òwò eré, bí ó ti wà nígbà náà, jẹ́ òdìkejì òwò òṣómàáló. Òṣómàáló ń kó ọjà sílẹ̀ lónìí, ó ń gbowó lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Eléré ń gbowó kí ó tó ṣí aṣọ ìkélé. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni agbára àwọn méjèèjì wà. Aláṣọ mọ ilé tí yóò lóṣòó sí. Eléré mọ géètì tí yóò dúró sí. Ahun tí Bàbá Sàlá ń ṣe lórí ìtàgé lè jẹ gbèsè kí ó sì sá lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wò ó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀run Móoru

Ọlá Balógun, ẹni tí wọ́n bí ní Abá ní 1945, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Párís, ni ó ṣí ọ̀nà sinimá fún àwọn eléré Yorùbá. Òun ni ó darí Àjàní Ògún ní 1976, pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan tí ayé ń pè ní Adé Love. Òun náà ni Ògúńdé pè fún Aiyé ní 1979. Ìlú ya lọ wo àwọn sinimá wọ̀nyí. Nígbà tí Adéjùmọ̀ náà fẹ́ ṣe tirẹ̀, Balógun ni ó pè, Ọ̀run Móoru sì jáde ní 1982.

Ìtàn inú sinimá náà bá ti olùṣe rẹ̀ mu lọ́nà tí kò bára dé. Bàbá Sàlá ṣe ọkùnrin kan tí ìfẹ́ owó òjijì kó sí wàhálà. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, òṣì ta á, ó wá ikú lọ, ó sì bá ara rẹ̀ ní ayé mìíràn. Ẹni tí ó rò pé ọ̀run yóò tu òun lára ni ó wá rí i pé ọ̀run pàápàá móoru.

Sinimá kì í ṣe eré orí ìtàgé ní ti ìnáwó. Fíìmù gidi ni wọ́n ń lò nígbà náà, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Kò sí bí owó géètì alẹ́ kan, tàbí ti ọgọ́rùn-ún alẹ́, ṣe lè tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Báńkì ni Adéjùmọ̀ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Shehu Shagari kéde òfin ìṣọ́wóná, nígbà tí owó epo ti ń já wálẹ̀. Aláwàdà tí ó ti ń gba owó ṣáájú ẹ̀rín láti nǹkan bí ogún ọdún wá wọ inú òwò tí ẹ̀rín ṣáájú owó. Ó ti di onígbèsè kí òǹwòran àkọ́kọ́ tó jókòó.

Ó ní ètò tí ó yẹ kí ó dá owó náà padà, ètò ọjọ́ pípẹ́ ni. Àwọn eléré tí ó ṣe sinimá kò fi iṣẹ́ wọn lé ilé-iṣẹ́ apínsinimá lọ́wọ́. Wọ́n ń gbé ẹ̀dà fíìmù náà kiri bí wọ́n ti ń gbé eré kiri: wọ́n ń yá gbọ̀ngàn, wọ́n ń polówó, wọ́n ń dúró sí géètì. Ẹ̀dà tí ó wà kò pọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó wá. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ báńkì kò le.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni ó ba ètò yìí jẹ́. Owó epo kan náà tí ó mú kí àwàdà owó dùn ni ó ti ra ẹ̀rọ fídíò sí ọ̀pọ̀ pálọ̀. Kí Ọ̀run Móoru tó jèrè owó tí wọ́n ná lé e lórí, àwọn olè ti kọ ọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á, wọ́n ń yá a fún ènìyàn. Gbogbo ẹbí lè wò ó lórí àga ara wọn, kí wọ́n pe aládùúgbò sí i, kí wọ́n tún un wò ní ọjọ́ kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó jẹ gbèsè nítorí ẹ̀rín náà kò sí ní ẹnu ọ̀nà wọn, kò sì mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà náà wà. Òṣómàáló tí ó bá ta aṣọ fún ogójì ilé lè rìn dé ogójì ilé. Ilé mélòó ni Adéjùmọ̀ ìbá rìn dé?

Òfin kò ràn án lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti 1970, èyí tí wọ́n ti ṣe kí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó wọ inú ilé ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà, ìjìyà inú rẹ̀ kò sì tó ohun tí yóò dẹ́rù ba ẹni tí ń jèrè lójoojúmọ́. Ó di 1988 kí ìjọba tó ṣe òfin tuntun, ó sì di 1989 kí ìgbìmọ̀ tí yóò máa mójú tó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tí ó máa ń sọ pé àìmọ òwò ṣe ni ó kó bá Bàbá Sàlá kò ro èyí dáadáa. Ọkùnrin náà mọ òwò rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ni ó dé tí ó gba ẹnu ọ̀nà kúrò lọ́wọ́ gbogbo oníṣòwò irú rẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ kọ lù jù lọ.

Lẹ́yìn gbèsè

Kò dáwọ́ dúró. Ààrẹ Àgbáyé tẹ̀ lé e ní 1983, Moṣebọ́látán, tí Adé Love darí, sì tẹ̀ lé e ní 1985. Yorùbá tí ó bá gbọ́ orúkọ sinimá kejì yìí yóò gbọ́ gbólóhùn odidi nínú rẹ̀, ti ẹni tí ó rò pé ọlá ti tán nílé òun. Bóyá olùṣe rẹ̀ ní gbèsè lọ́kàn tàbí kò ní, ó ṣòro fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru láti gbọ́ ọ bí orúkọ lásán.

Láti 1986, nígbà tí Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP, fíìmù gidi ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ eléré. Wọ́n yíjú sí kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń jà wọ́n lólè: wọ́n ń ya eré sórí fídíò, wọ́n ń ta kásẹ́ẹ̀tì náà fúnra wọn, wọ́n sì ń gbìyànjú láti jèrè kí ẹlòmíràn tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bàbá Sàlá náà bá wọn lọ. Àgbà Man jáde ní 1992, Return Match sì jáde ní 1993. Ahun àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti dé, àwọn aláwàdà tuntun sì ti ń fi ọ̀nà tí ó là ṣe tiwọn.

Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá. Ó lo ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ní Iléṣà, pẹ̀lú àìlera. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún márùn-ún tí ó ti kú, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tuntun. Lábẹ́ òfin náà, ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á sílé, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.